Orí Kẹrin: Òpó Ìsìláàmù Márùn-ún ní Ìlú Jos

Ọmọ ilé kéú ní Ìlọrin àti ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Islamiyya ní Jos, ìwé kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ òfin ẹ̀sìn: ìwé pẹlẹbẹ tí Abd al-Rahman al-Akhdari, ọmọ ilẹ̀ Algeria, kọ ní ọ̀rúndún 16. Àlùwàlá, ìrun àti àtúnṣe ìrun tí ó bá mẹ́hẹ ni ó dá lé. Ohun tí ó mú kí ìwé wọn jẹ́ ọ̀kan náà ni pé ọ̀nà Ìmáàmù Màlíkì ni àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá àti ti Àríwá jọ ń tọ̀. Ẹ ti ka òpó márùn-ún ní kíláàsì tí ẹ ti ń bọ̀. A kò ní í tún un kà láti A dé Y níhìn-ín. Jos la fẹ́ gbé kalẹ̀, kí a wo bí òtútù, oòrùn, oko àti aládùúgbò ṣe ń bá ẹni tí ó fẹ́ ṣe ẹ̀sìn rẹ̀ bó ti yẹ jíròrò, àti bí òfin fúnra rẹ̀ ti fi àyè sílẹ̀ fún ìjíròrò yẹn.

Ìlú náà

Orí òkè pẹrẹsẹ ni Jos wà, ní nǹkan bí 1,200 mítà sókè ju ojú òkun lọ. Tánganran ló kó ayé jọ síbẹ̀. Àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí wà á ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20. Ojú irin láti Zaria dé agbègbè náà ní nǹkan bí 1914, èyí tí ó ti Port Harcourt wá sì wọ ìlú ní 1927. Hausa bá a dé, Fúlàní, Ìgbò, Núpé, àti àwọn Yorùbá oníṣòwò, pàápàá àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn onílẹ̀, Berom, Anaguta àti Afizere, wà níbẹ̀ kí ojú irin tó dé. Kìrìsìtẹ́nì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lónìí. Nítorí náà, ẹ má fi ojú Kano tàbí Ṣókótó wo Jos. Nígbà tí ìpínlẹ̀ 12 ní Àríwá gba òfin Ṣàríà láti 1999, Plateau, ìpínlẹ̀ tí Jos wà, kò sí nínú wọn. Kò sí ìjọba tí ó ń béèrè sàká lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kò sì sí ọlọ́pàá ààwẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é, ọkàn rẹ̀ àti àwọn ará àdúgbò rẹ̀ ló mú kó ṣe é.

Ní ti kálímà ṣàhádà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ níhìn-ín. Ẹni tó bá sọ ọ́ pẹ̀lú ìgbàgbọ́ ti di Mùsùlùmí, ì báà jẹ́ ní Mẹ́kà, ì báà jẹ́ ní Bukuru lẹ́bàá Jos. Láàrin àwọn ẹ̀yà kan ní Plateau, a máa rí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì nínú ẹbí kan ṣoṣo, bí ó ti wọ́pọ̀ nílé Yorùbá.

Àlùwàlá nínú ọyẹ́

Ọyẹ́ Jos kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ Ìbàdàn. Ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kíní, òtútù Àsùbáà lè wálẹ̀ dé nǹkan bí ìwọ̀n 10 lórí Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì, omi tí ó sì sùn nínú dúrọ́ọ̀mù níta a máa ta ènìyàn lọ́wọ́ bí abẹ́rẹ́. Ìdí kẹ́tù àlùwàlá, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní buta, ni a ti ń mọ ẹni tó kọ́ Akhdari yé.

Ohun méje ni Màlíkì kà sí ọ̀ranyàn nínú àlùwàlá: àníyàn, fífọ ojú, fífọ ọwọ́ dé ìgúnpá, fífi omi pa orí, fífọ ẹsẹ̀ dé kókósẹ̀, fífi ọwọ́ ra ibi tí omi dé, àti títẹ̀lé ara wọn láìdúró. Méjì tó gbẹ̀yìn yìí ni ọyẹ́ máa ń bá jà. Ẹni tí òtútù mú a máa fẹ́ wọ́n omi sára gààràgà, kó sì sá wọlé. Kò tó. Lójú Màlíkì, ọwọ́ gbọ́dọ̀ gba ara. Ẹlòmíràn á fọ ojú, á padà lọ yáná títí ojú á fi gbẹ, kó tó wá fọ ọwọ́. Ìyẹn náà ti já okùn àlùwàlá. Kí ó tún un bẹ̀rẹ̀.

Ṣé kí ó wá ṣe tàyámọ́mù nígbà náà? Rárá, bí ó bá jẹ́ pé omi kàn tutù lásán ni. Ohun tí ó sọ tàyámọ́mù di ẹ̀tọ́ ni àìrí omi, tàbí ẹ̀rù gidi pé omi yóò dá àìsàn sílẹ̀, yóò mú un le sí i, tàbí kò ní í jẹ́ kó tètè san. Níbi tí èédú àti ìkòkò bá wà, kí wọ́n gbé omi kaná. Àwọn àgbà kan wà tí wọ́n gbà pé bí omi bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ̀san ti dín. Hádísì yin ẹni tí ó ṣe àlùwàlá pé pérépéré nígbà tí ó nira, lóòótọ́. Kò sọ pé kí a lọ fi ọwọ́ ara ẹni wá ìnira.

Ìtàn Amr ibn al-As ni àwọn onímọ̀ fi ń ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Ní nǹkan bí 629, níbi ogun tí a ń pè ní Dhat al-Salasil, ìwẹ̀ jánábà bọ́ sí i lọ́rùn ní òru tí òtútù le gan-an. Ó bẹ̀rù pé bí òun bá wẹ̀, òun á kú. Ó ṣe tàyámọ́mù, ó sì ṣe ìmáàmù Àsùbáà fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé Mẹ̀dínà, ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ Ànábì. Amr ṣàlàyé pé Ọlọ́run ti sọ pé kí á má pa ara wa; Ànábì rẹ́rìn-ín, kò sì bá a wí.

Omi fúnra rẹ̀ ń wọ́n ní Jos nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń rà á lọ́wọ́ mẹ́rúwà, ẹni tí ó ń ti kẹ́ẹ̀gì káàkiri lórí ọmọlanke. Ìròyìn tí ó dé ọ̀dọ̀ wa ni pé mùdù kan ni Ànábì fi ń ṣe àlùwàlá, ìyẹn ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tí a pa pọ̀, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lítà. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 kan á tó ọgbọ̀n ènìyàn ṣe àlùwàlá, á sì tún kù. Ẹni tí ó bá ti rí bí omi ṣe ń ya lẹ́nu ẹ̀rọ ní mọ́ṣáláṣí ńlá-ńlá wa á mọ̀ pé a jìnnà sí súnnà yìí ju bí a ti rò lọ.

Aago Jos, aago Èkó

Oòrùn ni aago ìrun: Àsùbáà, Àyílà, Àlàásárì, Mọ̀gàríbì, Ìṣái. Aago ọwọ́ kan ni gbogbo Nàìjíríà ń lò, oòrùn kò sì mọ èyí. Ìlú tí ó bá fi ìwọ̀n kan sún sí ìlà-oòrùn ju òmíràn lọ, oòrùn yóò fi ìṣẹ́jú mẹ́rin ṣáájú níbẹ̀. Èkó wà ní ìwọ̀n 3.4, Jos wà ní 8.9. Ìyàtọ̀ jẹ́ 5.5, ẹ fi mẹ́rin sọ ọ́ di púpọ̀, ìṣẹ́jú 22. Ní ìparí oṣù Kẹta, nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀ ní Jos ní nǹkan bí 6:35 ìrọ̀lẹ́, ti Èkó a máa tó 6:57. Ìyàtọ̀ yìí a máa pọ̀ sí i díẹ̀ nínú ọyẹ́, a sì máa dín díẹ̀ ní àárín ọdún, nítorí Jos wà ní àríwá ju Èkó lọ.

Ìdílé Yorùbá tí ó bá wà ní Jos gbọ́dọ̀ mọ èyí dunjú nínú oṣù Ràmàdánì. Bí wọ́n bá ń fetí sí rédíò Èkó kí wọ́n tó ṣínu, wọ́n kàn ń fi ebi pa ara wọn ju bó ti yẹ lọ ni. Súnnà ni kí a tètè ṣínu. Ewu gidi wà ní ti sààrì. Ojúmọ́ Jos ń yọ ṣáájú. Ẹni tí ó bá ń jẹun títí di ìgbà tí ìpè Èkó fi dún lórí tẹlifíṣọ̀n ti jẹun wọ inú ọjọ́, ó sì di dandan kí ó san ààwẹ̀ ọjọ́ náà padà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fún àbúrò rẹ̀ ní Èkó tí ẹ̀gbọ́n pè lórí fóònù láti Jos pé, "A ti ṣínu o!", tí òun náà bá bu omi mu.

Gábàsì kò yàtọ̀ púpọ̀. Láti Jos, Kaaba wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 65 láti àríwá sí ìlà-oòrùn. Láti Èkó, nǹkan bí 63. Ẹni tí ó bá kọjú sí ìlà-oòrùn, kó yẹ̀ díẹ̀ sí apá òsì.

Ọwọ́ tó sọ̀ àti ọwọ́ tó ká

Bí ẹ bá dúró sí ẹ̀yìn sáàfù ní mọ́ṣáláṣí kan ní Jos, ẹ ó rí i pé ọwọ́ àwọn kan wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn, ti àwọn mìíràn sì wà láyà. Jíju ọwọ́ sílẹ̀ ni ó gbajúmọ̀ nínú ìwé àwọn Màlíkì. Sheikh Ibrahim Niasse ti ilẹ̀ Senegal, aṣáájú Tìjáníyà, fara mọ́ kíká ọwọ́, ó sì kọ̀wé lé e lórí. Ọ̀rọ̀ náà sì dá ìjà sílẹ̀ ní Àríwá Nàìjíríà kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ ẹgbẹ́ Izala rárá. Èyí yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn, nítorí ọ̀pọ̀ ló rò pé Izala ló mú ọwọ́ kíká dé.

Jos ni wọ́n ti dá Izala sílẹ̀ ní 1978. Sheikh Ismaila Idris ni ó ṣe olórí iṣẹ́ náà, ẹ̀kọ́ Sheikh Abubakar Gumi ti Kaduna ni ó sì dúró lé. Orúkọ ẹgbẹ́ náà lódindi túmọ̀ sí mímú àdádáálẹ̀ kúrò àti gbígbé súnnà dúró. Wọ́n bá àwọn onítàríkà, Tìjáníyà àti Kàdìríyà, fa ọ̀rọ̀ wíríìdì, máólúdì àti sàráà òkú. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ pín sí ti Jos àti ti Kaduna. Ibi tí ipa wọn hàn jù, lójú tiwa, kì í ṣe àríyànjiyàn yẹn. Ilé ẹ̀kọ́ Islamiyya ni, níbi tí ọmọbìnrin àti ìyàwó ilé ti ń jókòó lórí ìjókòó, tí wọ́n ń kọ́ bí a ti ń ṣe àlùwàlá àti ìrun láti inú ìwé. Ṣáájú ìgbà náà, ohun tí ọ̀pọ̀ ìyá mọ̀ nípa ìrun kò ju ohun tí wọ́n rí lára ọkọ wọn lọ.

Jímọ̀ àti ojú títì

Ìrun Jímọ̀ kò ṣeé kí lẹ́nìkan, bẹ́ẹ̀ ni mọ́ṣáláṣí kì í gbòòrò bí èrò ṣe ń pọ̀. Ní àárín ìlú Jos, títí kan ìtòsí ọjà, èrò a máa ya sójú títì, àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ agaji, ìyẹn ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́, á sì dí ọ̀nà títí ìmáàmù á fi sàlámà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ìrun náà. Wààsí tó ṣáájú rẹ̀ ló ń gùn.

Ní Ọjọ́ Ẹtì, 7 oṣù Kẹsàn-án, 2001, ní àdúgbò Congo-Russia, obìnrin Kìrìsìtẹ́nì kan fẹ́ kọjá níbi tí wọ́n ti dí ọ̀nà sí níwájú mọ́ṣáláṣí. Ọ̀rọ̀ di gbólóhùn asọ̀, gbólóhùn asọ̀ di ìjà, ìjà sì gba ìlú kan. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà ni ó gbà kí ó tó rọlẹ̀. Àjọ Human Rights Watch sọ pé ó ṣeé ṣe kí òkú tó 1,000. Ilé, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí jóná. Kì í ṣe ọ̀nà dídí ló fa gbogbo rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìjọba ìbílẹ̀ Jos North sílẹ̀ ní 1991 ni ọ̀rọ̀ ta ni onílẹ̀, ta ni àlejò, ta ni ipò tọ́ sí, ti ń jó lábẹ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni iná ti ràn. Ìjà mìíràn tẹ̀lé e ní 2008 àti 2010, ọ̀pọ̀ sì kó kúrò ládùúgbò tí ó ti gbé fún ọdún gbọọrọ lọ sáàrin àwọn ẹlẹ́sìn rẹ̀.

Kí ni òfin wí? Hádísì sọ ẹ̀tọ́ ọ̀nà fún wa: kí a rẹ ojú sílẹ̀, kí a mú ohun tí ń pani lára kúrò, kí a dáhùn sálámà. Jímọ̀ ọ̀ranyàn ni. Dídí ọ̀nà kì í ṣe ara rẹ̀. Bí èrò bá pọ̀ ju mọ́ṣáláṣí lọ, kí wọ́n kí Jímọ̀ níbi méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn Màlíkì àtijọ́ fẹ́ kí ìlú kan ní Jímọ̀ kan ṣoṣo. Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn gba púpọ̀ láyè nítorí ìnira, ohun tí Jos sì ń ṣe nìyẹn lónìí. Ìjà nìkan kọ́ ló sì wà láàrin ẹlẹ́sìn méjèèjì: àwọn ọdún kan ti wà tí àwọn ọ̀dọ́ Kìrìsìtẹ́nì ṣọ́ yídì lọ́jọ́ Iléyá, tí àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí sì ṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì nígbà Kérésìmesì.

Sàká láti inú kòtò ìwakùsà

Àwọn awatánganran fi ọgọ́ọ̀rọ̀ kòtò sílẹ̀ káàkiri òkè Jos, òjò sì kún wọn. Láti nǹkan bí ọdún 1980 síwájú, àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi pọ́ńbù fa omi wọn sí oko ẹ̀ẹ̀rùn. Ibẹ̀ ni tòmátì, kábéèjì, kárọ́ọ̀tì àti pòtétò tí gbogbo ọjà ń pè ní áírìṣì ti ń dé Èkó àti Ìbàdàn.

Òfin sàká irè oko ya omi sọ́tọ̀. Ohun tí òjò tàbí odò bomi rin láìní làálàá, ìdá kan nínú mẹ́wàá ni. Ohun tí ènìyàn fi owó tàbí agbára fa omi sí, ìdá kan nínú ogún. Bí méjèèjì bá pín in dọ́gba, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Irè tí kò bá tó àwúsùkù márùn-ún, nǹkan bí kílò 653, kò ní sàká. Ọjọ́ ìkórè ni a ń yọ ọ́. Kò dúró de ọdún pé.

Ẹ wo àgbẹ̀ kan tí ó kó àpò àgbàdo 40, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ kílò 100. Bí òjò bá mú un jáde, àpò mẹ́rin. Bí omi kòtò ìwakùsà bá mú un jáde, tí ó ra pẹtiróòlù fún pọ́ńbù lójoojúmọ́, àpò méjì. Òfin ti rí owó pẹtiróòlù náà kí ẹnikẹ́ni tó ṣe pọ́ńbù.

Àgbàdo, ọkà bàbà, jéró àti ìrẹsì wọ inú òfin yìí. Acha, ọkà wínníwínní tí àwọn ará Plateau ń jẹ, náà wọ inú rẹ̀ lójú àwọn onímọ̀ tí wọ́n ń wo ohun tí à ń jẹ láti yè tí ó sì ṣeé kó pamọ́. Ewébẹ̀ àti tòmátì kò ní sàká lórí ara wọn lọ́dọ̀ Màlíkì. Pòtétò náà ni wọ́n sábà ń kà mọ́ wọn. Ẹni tí ó bá tà á, tí owó náà tó nìsáàbù, tí ó sì lo ọdún kan lọ́wọ́ rẹ̀, á yọ ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Nìsáàbù owó ni iye wúrà gíráàmù 85, tàbí ti fàdákà gíráàmù 595. Ti fàdákà kéré púpọ̀ lónìí, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì fẹ́ ẹ nítorí ó ń jẹ́ kí tálákà rí jẹ. Fúlàní ẹlẹ́ran náà ní tiwọn lọ́dọ̀ Màlíkì: màlúù 30, ẹgbọrọ kan tó ti pé ọdún méjì, màlúù 40, abo kan tó ti pé ọdún mẹ́ta. Àgùntàn tàbí ewúrẹ́ 40, ọ̀kan.

Ààwẹ̀ lábẹ́ ìkùukùu, ààwẹ̀ nínú ọyẹ́

Oṣù ojú ọ̀run ni a fi ń wọ Ràmàdánì. Súlútáànì Ṣókótó, gẹ́gẹ́ bí olórí ìgbìmọ̀ gíga ọ̀rọ̀ Ìsìláàmù ní Nàìjíríà, ni ó ń kéde rẹ̀. Nígbà tí Ràmàdánì bọ́ sí oṣù Keje àti Kẹjọ, bí i ti 2012 àti 2013, ìkùukùu òjò a máa bo òkè Jos débi pé kò sí ẹni tó lè rí oṣù níbẹ̀. Òfin ti ní ìdáhùn: ẹni tí kò rí i, tí ìròyìn àwọn ẹlẹ́rìí òdodo kò sì dé bá, kí ó ka ọgbọ̀n ọjọ́ pé.

Ọdún ààwẹ̀ ń fi ọjọ́ 10 tàbí 11 ṣáájú lọ́dọọdún, ó sì ti ń wọ inú ọyẹ́ báyìí. Ní 2030, Ràmàdánì yóò bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nínú ọdún òyìnbó kan, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kíní àti ní ìparí oṣù Kejìlá. Òùngbẹ kì í pọ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n ètè á máa là. Kí ènìyàn fi ìpara pa á. Kò ba ààwẹ̀ jẹ́ bí kò bá ti wọ ọ̀fun. Bí ó bá di Mọ̀gàríbì, dàbínù ni wọ́n fi ń ṣínu, kunu gbígbóná, àkàrà tí Hausa ń pè ní kosai, àti pòtétò díndín. Lẹ́yìn Ìṣái, asham, ìyẹn táráwíhì. Kí wọ́n tó jáde lọ sí yídì, kí olórí ilé ti yọ jáákà: mùdù mẹ́rin oúnjẹ tí ìlú ń jẹ, fún orí kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ Iléyá, ẹ rántí pé lọ́dọ̀ Màlíkì, ẹran tí a bá pa ṣáájú ti ìmáàmù di ẹran jíjẹ lásán. Olúwarẹ̀ á tún òmíràn pa.

Hájì kò ní ohun tí Jos yí padà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ 8 sí 13 oṣù Dhul-Hijja ni, ẹni tí agbára rẹ̀ ká a ló sì di dandan fún. Láyé àtijọ́, ẹsẹ̀ ni àwọn ará Àríwá fi ń gba Borno, Chad àti Sudan lọ, ọ̀pọ̀ sì fi Sudan ṣe ilé. Lónìí, ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ àti àjọ Hájì ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n fi òfin dá sílẹ̀ ní 2006, ló ń ṣètò ọkọ̀ òfuurufú.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Maiduguri wà ní ìwọ̀n 13.2 sí ìlà-oòrùn. Ìṣẹ́jú mélòó ni oòrùn á fi ṣáájú ti Jos níbẹ̀? Ìlọrin wà ní 4.5: mélòó ni ti Jos á fi ṣáájú tirẹ̀?

2. Àgbẹ̀ kan ní Bukuru kórè ìrẹsì kílò 1,800 láti oko tí pọ́ńbù bomi rin, àti kílò 500 láti oko òjò. Irú kan náà ni ìrẹsì méjèèjì, ìkórè ọdún kan náà sì ni. Ṣé nìsáàbù pé? Èló ni yóò yọ?

3. Obìnrin kan ní ikọ́ fée, dókítà sì ti kìlọ̀ fún un nípa omi tútù. Iná wà nílé rẹ̀, kẹ́tù sì wà. Ṣé tàyámọ́mù tọ́ sí i fún Àsùbáà? Bí èédú bá tán ńkọ́?

4. Ẹ yan mọ́ṣáláṣí Jímọ̀ kan ládùúgbò yín. Ẹ ṣe àkọsílẹ̀ ọ̀nà tí èrò ń dí, àkókò tí ó ń gbà, àti àwọn tí wọ́n nílò láti kọjá níbẹ̀ lákòókò náà.